Kí A Tó Fi Owó Ẹgbẹ́ Ṣí Ṣọ́ọ̀bù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Addo

A rí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tẹ fóònù lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ má wulẹ̀ pa á, òun gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn kan wá bá wa lọ́jà, wọ́n múra dáadáa, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá ẹgbẹ́ ṣe wẹ́bsáìtì. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti ṣe é tán, gbogbo ayé ni yóò máa rajà lọ́wọ́ wa, títí kan àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ká san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan nínú wa ní ká yọ ọ́ nínú owó ẹgbẹ́, àwọn kan ní kí ẹni tó bá fẹ́ san tiẹ̀. Ẹ wá ní kí àwa díẹ̀ lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wá. A ti wádìí rẹ̀. Èsì wa ni pé ká má tíì san kọ́bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ wa yé o. A kò sọ pé títa ọjà lórí fóònù kò dára. Ó dára, ó tiẹ̀ ti pẹ́ jù tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé wẹ́bsáìtì kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo títì Addo yìí, láti Ajah títí dé Badore níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ojú omi. Ẹsíteètì ló kún ọ̀tún, ẹsíteètì ló kún òsì. Àwọn tó ń gbé inú wọn ń jẹ ata, wọ́n ń jẹ ẹja, wọ́n ń wọṣọ. Mélòó nínú wọn ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọjà wa? Wọ́n ti jáde láàárọ̀ kùtù nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó padà dé. Ẹ lọ dúró ní géètì ẹsíteètì kan lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ ka iye alùpùpù tó ń gbé àpótí wọlé. Oúnjẹ àti aṣọ ló wà nínú àpótí yẹn. Nígbà mìíràn, ata Máìlì 12 ni, tó gba iwájú ìsọ̀ wa kọjá lọ sí ilé ẹni tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí ọ̀dọ̀ wa. Owó ń fò kọjá lórí wa, ẹ̀yin èèyàn. Owó ìsọ̀ ń lọ sókè, ọjà tí à ń tà kò sì lọ sókè tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe òní la ti ń rí irú èyí. Nígbà tí fóònù GSM dé ní 2001, àwọn kan ní nǹkan ọ̀ṣọ́ àwọn olówó ni. Lónìí, ta ló ń lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́ láìkọ́kọ́ pe ẹlẹ́ja kó béèrè bóyá ẹja wà nílẹ̀? Nígbà tí ìjọba ti Èkó pa nítorí kòrónà, láti ìparí oṣù kẹta wọ oṣù karùn-ún 2020, ẹni tó ní nọ́ńbà oníbàárà lọ́wọ́ ló rí ọ̀nà tajà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó náírà wọ́n lójà, tí èèyàn ń tò sí báńkì láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀yin náà rí i: ẹni tó kọ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ara ìsọ̀ ń tajà, ẹni tó ní òun kì í gba tíráńsífà, tòmátì rẹ̀ jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n ti ná owó tí àwa kò lè ná láé. Ní 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2018, Konga bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Zinox. OLX tí àwọn ọmọ wa ń lò láti ta àlòkù, ní 2019 ni Jiji rà á, bó ṣe parẹ́ ní Nàìjíríà nìyẹn. Jumia pàápàá ní ẹ̀ka kan tó ń gbé oúnjẹ sísè lọ sílé àwọn èèyàn, Jumia Food ni wọ́n ń pè é. Ní ìparí 2023 ni wọ́n pa á tì. A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni o. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ilé onílé ni gbogbo ibi tí à ń tajà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Onílé lè ta ilé, ó lè ti ìlẹ̀kùn, ó lè yí orúkọ padà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà nínú fóònù nìkan, tí kò kọ wọ́n síbì kankan, ó jókòó tọwọ́ bọtan lọ́jọ́ náà ni.

Ìdí rèé tí a fi sọ pé ìwé ni ṣọ́ọ̀bù yìí máa ti bẹ̀rẹ̀, ìwé lásán tí àwọn ọmọ wa ń lò ní iléèwé. Kí oníkálukú ra ọ̀kan. Ẹni tó bá wá rajà, ẹ fi ọ̀yàyà béèrè orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fún un. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹ fi sílẹ̀, ọ̀ràn kọ́. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà, ibi tó ń gbé, ohun tó rà àti ọjọ́ tó rà á. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìwé yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí i pé ìyá kan ní Langbasa máa ń ra ẹ̀lùbọ́ ní gbogbo ìparí oṣù, pé ẹnì kan ní ọ̀nà Badore kì í ra ju edé lọ, pé ẹni tí ẹ rò pé ó jẹ́ kọ́sítọ́mà gidi kò yọjú láti ọjọ́ Àjíǹde. Kò sí wẹ́bsáìtì tó lè sọ ìyẹn fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìwé ló kan fóònù. WhatsApp tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣòwò, WhatsApp Business, ti wà láti 2018, ọ̀fẹ́ sì ni gbígbé e sórí fóònù. Láti ìparí 2019 ni wọ́n ti fi àyè kan sí i tí a lè to ọjà sí pẹ̀lú fọ́tò àti iye rẹ̀, bí ìgbà tí a pàtẹ. Ẹni tó bá tẹ orúkọ wa á rí àtẹ náà. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù? Ó tún ní ọ̀nà tí a fi ń ránṣẹ́ kan ṣoṣo sí èèyàn 256 lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníkálukú á gbà á bíi pé òun nìkan la kọ ọ́ sí. Àmọ́ ẹ̀tàn kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà wa pamọ́ sínú fóònù tirẹ̀, iṣẹ́ yẹn kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Torí náà, nígbà tí oníbàárà ṣì wà níwájú ìsọ̀, ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ kọ orúkọ mi sínú fóònù yín.” Ẹ dúró kó tẹ̀ ẹ́ tán. Status náà dára, ṣùgbọ́n wákàtí 24 ló ní, lẹ́yìn náà ó ti lọ nìyẹn, torí náà ẹ máa fi sí i ní àsìkò tí àwọn èèyàn wà nínú gosíló lálẹ́, kì í ṣe ní aago mẹ́wàá àárọ̀ tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́.

Fọ́tò kò le. Òwúrọ̀ kùtù, lójú ìmọ́lẹ̀, lórí aṣọ funfun tó mọ́. Ọjà tiwa gan-an ni ká yà. Ẹ má lọ mú fọ́tò ẹlòmíràn lórí Google, torí ẹja tí wọ́n yà ní ìlú òyìnbó kò jọ ẹja Ẹ̀pẹ́, ẹni tó bá rà á á sì fi tiwa àti tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á gbé e síta káyé bá a rẹ́rìn-ín.

Iye ọjà ni ibi tí a ti bára wa jà jù nígbà tí à ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká tú u wò dáadáa. Lọ́jà, a kì í kọ iye sára ọjà. Oníbàárà á ní èló ni, àwa á pè é ga, òun á já a wálẹ̀, a ó bára wa rẹ́rìn-ín, a ó pàdé láàárín, a ó tún fi ẹ̀nì sí i. Ọjà nínà ní adùn tiẹ̀, a kò sì ní kí ẹ pa á rẹ́ níwájú ìsọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti rẹ̀ láti ibi iṣẹ́, tó jókòó sínú ọkọ̀, kò ní àyè ìyẹn. Tó bá rí ẹja tí kò rí iye, á kọjá síwájú. Àwọn kan á kọ ọ́ pé kí ẹni tó fẹ́ mọ iye wá béèrè ní kọ̀rọ̀. Ká sòótọ́, ohun tí oníbàárà ń gbọ́ nínú ìyẹn ni pé a fẹ́ wo ojú òun ká tó mọ iye tí a máa pè. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 láti dáàbò bo oníbàárà pàápàá ní ká fi iye ọjà hàn, ó sì fún oníbàárà láṣẹ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Ẹ kọ iye sí i.

Ẹ má rò pé a ní kí ẹlòmíràn wá máa dá iye lé ọjà wa o. Ìran obìnrin ọjà Èkó kò gba ìyẹn rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí ìjọba òyìnbó fẹ́ máa dá iye lé oúnjẹ, Màdáámù Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, ló ṣáájú àwọn obìnrin ọjà tí wọ́n ta kò ó. Iye tiwa náà la ó pè, síta gbangba ni a ó ti pè é.

Òṣùwọ̀n ńkọ́? Ẹni tó dúró níwájú wa rí kóńgò, ó rí bí a ṣe ń da gàrí lé e títí ó fi ń ya sílẹ̀. Ẹni tó wà nílé kò rí i. Kóńgò ta ni? Ti ẹni tí ìdí rẹ̀ gún régé ni àbí ti ẹni tí ìdí rẹ̀ ti wọnú? (Ẹ má wo ojú ara yín, a kò dárúkọ ẹnì kankan.) Kí ìsọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà nítòsí ara wọn dá owó ra ìwọ̀n kékeré kan, ká lè máa sọ pé dérìká ẹ̀wà kan wọ̀n tó báyìí, páálí ẹja kan wọ̀n tó báyìí. Ẹni tó bá gba ohun tí a kọ gẹ́lẹ́ á tún padà wá. Ẹ̀nì tó kéré tí a bá tún fi sí i láìsọ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló máa fi ròyìn wa fún aládùúgbò rẹ̀, ìpolówó tó sì ju ìyẹn lọ, àwa kò tíì rí i.

Ó wá ku gbígbé ọjà lọ sílé. Ibẹ̀ ni owó ti ń jò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní Etí-Ọ̀sà wa níbí, ṣùgbọ́n àwọn dispatch tó ń gbé ẹrù kò sí lára wọn. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe pé iye ọjà ti òní nìyẹn. Ká ní a ra ẹja yíyan 20,000 náírà. Owó ọkọ̀ 2,000. Páálí àti ọ̀rá 500. Dátà 500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 23,000. A dì í sí páálí mẹ́wàá, páálí kan jẹ́ 2,300. A ń tà á ní 2,800, èrè 500 wà lórí páálí kan, 5,000 lórí gbogbo rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ni a bá lọ kọ ọ́ sí Status pé ọ̀fẹ́ ni a máa gbé e délé. Dispatch gba 1,500 lórí páálí kan ṣoṣo. A ti pàdánù 1,000. Tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá lọ bẹ́ẹ̀, a ti fi 10,000 ṣòfò, inú wa á sì máa dùn pé ọjà ń tà! Báyìí ni ojú owó ṣe ń tán tí a kò ní mọ ẹni tó jẹ ẹ́.

Àwọn ìyá wa ti mọ ọ̀nà àbáyọ sí èyí kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Kí ló dé tí ọjà ìgbèríko fi ní ọjọ́, tí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná an? Kí olùtà àti olùrà lè pàdé pọ̀ lọ́jọ́ kan ni, kí ìnáwó ìrìn lè mọ níwọ̀n. Ohun tí a dá lábàá ni pé ká dá ọjọ́ ọjà fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan: ká ní Ọjọ́rú fún ọ̀nà Badore, Ọjọ́bọ̀ fún Langbasa, Sátidé fún àwọn ẹsíteètì tó sún mọ́ Ajah. Ẹni tó bá fẹ́ rajà á sọ ọ́ di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kẹ̀kẹ́ tàbí dispatch kan ṣoṣo á gbé ti gbogbo wa lọ. Tó bá gba 2,500 fún ìrìn kan, tí páálí mẹ́wàá sì wà níbẹ̀, 250 ló kan páálí kan, oníbàárà kankan kò ní janpata lórí ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó san owó dispatch fúnra rẹ̀, ká sì sọ ọ́ fún un kó tó rà á. Ohun tó lè bàjẹ́ bíi tòmátì àti ẹja tútù, àárọ̀ ni kó lọ. Nígbà òjò, ẹ̀yin náà mọ bí ojú ọ̀nà wa ṣe máa ń rí, ẹ fi wákàtí kan tàbí méjì kún ohun tí ẹ bá sọ fún èèyàn. Ẹ sì gba kóòdù géètì lọ́wọ́ oníbàárà kí ẹlẹ́rù tó gbéra, kí ó má lọ dúró sóòrùn.

Ọ̀rọ̀ owó gbígbà kò gba àlàyé púpọ̀. Àláàtì kì í ṣe owó. Àwọn jàǹdùkú ń fi àláàtì irọ́ ránṣẹ́, wọ́n ń fi ojú fóònù tiwọn hàn pé àwọn ti san. Ẹ má wo fóònù wọn. Ẹ wo inú àkáǹtì tiyín, iye tó wà níbẹ̀ kó tó wọlé àti iye tó wà níbẹ̀ báyìí, kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú jù, tó ní ọmọ òun ń sunkún nínú ọkọ̀, ẹ tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnikẹ́ni tó bá sì pè yín pé báńkì ni òun, pé kí ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, olè ni, ẹ má bá a ṣàríyànjiyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa di ògì, ẹ̀lùbọ́ tàbí ata gígún sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ tiyín lára rẹ̀, ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ NAFDAC kí ẹ tó tẹ orúkọ kankan. Fíforúkọ ìṣòwò sílẹ̀ ní CAC dára, ṣùgbọ́n ó lè dúró títí ìwé oníbàárà yín á fi kún díẹ̀.

Àwọn kan bi wá pé kí ló dé tí a kò fi ṣí ojú ìwé Facebook kan ṣoṣo fún gbogbo ẹgbẹ́. A rò ó títí, a kò fara mọ́ ọn. Alátà méjìdínlógún ló wà láàárín wa. Ata ta ni a ó kọ́kọ́ gbé sókè? Ta ni á máa dáhùn nígbà tí oníbàárà bá pè? Ìjà tó máa tibẹ̀ yọ, Ìyálọ́jà á parí rẹ̀ títí á rẹ̀ wọ́n. Kí oníkálukú ní àtẹ tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ á ṣe ni ọjọ́ ọjà àdúgbò àti ẹlẹ́rù kan ṣoṣo, tí a ó máa ṣírò owó rẹ̀ ní gbangba.

Ká ṣe é fún oṣù mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, tí ìwé wa bá fi hàn pé àwọn tó ń rajà láti ilé pọ̀ ju ohun tí fóònù lè gbà, ẹ jẹ́ ká ké sí àwọn oníwẹ́bsáìtì padà, ká sì bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọn kò dáhùn lọ́jọ́ tí wọ́n wá. Orúkọ ta ni wọ́n máa fi gba àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì náà, tiwọn ni àbí ti ẹgbẹ́? Ẹ mọ̀ pé ọdọọdún ni wọ́n ń san owó àdírẹ́sì yẹn àti owó ibi tó dúró sí. Èló ni ti ọdún kejì? Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀? Tí oníbàárà bá san owó, ọjọ́ wo ló ń dé àkáǹtì wa, èló ni wọ́n sì máa yọ níbẹ̀? Ẹni tó bá lè kọ èsì ìyẹn sílẹ̀ kó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ká jókòó bá a sọ̀rọ̀ owó.

Ẹ̀yin ìyá tí fóònù yín kò lè gbé WhatsApp, ẹ kò sí lẹ́yìn o. Ìwé ni iṣẹ́ tiyín, a ó sì fi yín sọ́dọ̀ ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tiyín tó ní fóònù tó lè gbé e, kó máa bá yín ya fọ́tò, kó máa ka iṣẹ́ tó bá wọlé fún yín. Kí ẹni náà má gba ju ohun tí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹnu kò sí lójú akọ̀wé. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú ìwé rẹ̀ dání, ó kéré tán kí orúkọ mẹ́wàá ti wà nínú rẹ̀. A ó kà á.